Àgọ̀ Tí Kò Lórí

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Àlọ́ mi yí gbirigbiri, kò yí sódò, kò yí sóko, ẹ̀yìnkùlé Àgbébọ̀ adìẹ ló yí wọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ọkàn Àgbébọ̀ kò balẹ̀ látìgbà tí Àṣá ti kọ́ ìtẹ́ sórí ìrókò ìtòsí. Ló bá kó imọ̀ ọ̀pẹ jọ, ó ní kí òun àtàwọn ọmọ òun hun àgọ̀ tí wọn yóò máa sá sí. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ hun ún, ẹ má dúró o.
Kíá o, kíá!
Àṣá ń wò wá lókè o.
Kíá o, kíá!

Àwọn ọmọ hun ún, ó wọ́. Àgbébọ̀ tú u. “Ṣé èyí ni ará àdúgbò yóò rí?” Òjìji kan kọjá nílẹ̀, àyà rẹ̀ já. Wọ́n tún un hun, ó tún wọ́, ó tún tú u. Òjìji tún kọjá, èyí sún mọ́lẹ̀ gan-an. Tóńtó, àbíkẹ́yìn rẹ̀, ní, “Ìyáà mi, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí.”

“Dákẹ́! Kí lo mọ̀ nínú iṣẹ́ ọnà?”

Nígbà kẹta tí wọ́n ń hun ún, kì í ṣe òjìji mọ́, Àṣá gan-an ló já wálẹ̀. Wọ́n rọ́ sínú àgọ̀, àgọ̀ ò lórí! Ni Àgbébọ̀ bá na ìyẹ́, ó fi ara rẹ̀ bo àwọn ọmọ. Àṣá fa ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ tu, ṣùgbọ́n kò rí ọmọ kankan gbé.

Bí mo bá purọ́, ẹ wo ẹ̀yìn Àgbébọ̀, ìyẹ́ ò hù níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó ní kí Tóńtó hun orí àgọ̀. Ó wọ́ bí ẹsẹ̀ alákàn.

Àgbébọ̀ wò ó, wò ó. Kò tú u.