Owó Ẹyọ Méjì àti Ogun Ọdún Mẹ́ta

A fi ọwọ́ sọ àyà, a ṣèlérí pé ìtàn yìí kò ní gùn. Ogun inú rẹ̀ ló gùn. Ọdún mẹ́ta gbáko ni Òkè-Ọsàn àti Ìdí-Ìyeyè fi bá ara wọn jà, bẹ́ẹ̀ odò tó là wọ́n láàárín, ewúrẹ́ lè fò ó kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ọdẹ́bùnmi ni ìránṣẹ́ Baálẹ̀ Òjédòkun ti Òkè-Ọsàn. Ohun mẹ́ta ló fi ń yangàn: kì í jẹun lójú ọ̀nà, kì í béèrè ohun tí iṣẹ́ tó ń jẹ́ túmọ̀ sí, ohunkóhun tí a bá sì fi rán an kì í dé ọwọ́ ẹni tó ni ín ní wúruwùru. Láyé ìgbà náà, àrokò ni àwọn olórí ìlú fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Owó ẹyọ ní ojú, ó sì ní ẹ̀yìn. Bí a bá so méjì pọ̀ tí a kojú wọn síra, ohun tó ń wí ni pé, “Mo fẹ́ rí ọ, wá ká jọ sọ̀rọ̀.” Bí a bá kọ ẹ̀yìn wọn síra, ó di, “Kò sí ohun tó pa wá pọ̀ mọ́.” Àwọn baálẹ̀ ló mọ èyí. Ìránṣẹ́ kò gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n, Ọdẹ́bùnmi sì jẹ́ ẹni tí í pa òfin mọ́.

Nígbà tí àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tó ni igbó ọ̀pẹ etí odò, Òjédòkun rán Ọdẹ́bùnmi sí Baálẹ̀ Ayélàágbé ti Ìdí-Ìyeyè pẹ̀lú owó ẹyọ méjì. Òjò ti rọ̀ lọ́jọ́ náà, odò mù ún dé àyà, ṣùgbọ́n ó dé. Ayélàágbé wo àrokò náà, kò tilẹ̀ fi omi lọ ọmọ ẹni ẹlẹ́ni. “Dá a padà fún ẹni tó rán ọ,” ló wí. Ọdẹ́bùnmi dá a padà bó ṣe gbà á. Òjédòkun wò ó, ẹnu rẹ̀ là, kò lè pa á dé.

“Mo kojú sí i, ó kọ̀yìn sí mi!”

Kí oòrùn tó wọ̀, ogun ti dé. Igbó ọ̀pẹ tí wọ́n ń jà sí jóná di eérú lóṣù kejì. Wọn kò torí ìyẹn dáwọ́ dúró. Ènìyàn mọ́kàndínlógún kú. Lọ́dún kẹta, àwọn ìgbìmọ̀ Òkè-Ọsàn pàṣẹ pé kí wọ́n fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí ẹsẹ̀ gbogbo ẹni tí a bí ní Ìdí-Ìyeyè tó ń gbé àárín wọn. Ọdẹ́bùnmi ní òfin ni òfin, títí dìgbà tí wọ́n mú Àwẹ̀ró, aya rẹ̀, ìyá ọmọ mẹ́ta, pé wọ́n rí i létí odò níbi tó ti ń bá ìyá rẹ̀ tó dúró ní òdìkejì sọ̀rọ̀. Wọ́n ní lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, àwọn yóò tà á lẹ́rú. Ẹjọ́ náà kò pẹ́ rárá, nítorí kò sí ẹni tó bi í ní ohunkóhun.

Ọdẹ́bùnmi sáré lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Baálẹ̀.

“Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́ fún wa. Ìyàwó mi kò ṣe nǹkan kan.”

“Ibo ni wọ́n ti bí i?”

“Ìdí-Ìyeyè ni, Baba.”

“O rí i? O ti fi ẹnu ara rẹ jẹ́wọ́.”

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín láti orí ilẹ̀ tí wọ́n dè é mọ́. “Baba, bó bá jẹ́ pé bíbí ni ẹ̀ṣẹ̀, ìyá mi ni kí ẹ mú. Wọn ò bi mí kí wọ́n tó bí mi. Ẹ̀yin náà ò sì tíì bi mí ní ohun tí mo bá a sọ.”

“Ó dáa, kí lo bá a sọ?”

“Mo ní kí ló dé tí wọ́n fi kọ̀yìn sí wa. Ó ní àwa la kọ́kọ́ kọ̀yìn sí wọn, pé bí àrokò yín ṣe dé ni wọ́n ṣe dá a padà.”

“Irọ́!” Òjédòkun fò dìde. “Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kojú wọn síra!”

“Ẹ lọ wí i lójú ẹni tó gbà á, Baba. Ọdún mẹ́ta lẹ ti ń bá ẹ̀yìn rẹ̀ wíjọ́.”

Kí Òjédòkun lè dójú ti Ayélàágbé ló ṣe gbà, ó sì ní kí wọ́n ké sí i láti etí odò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn baálẹ̀ méjèèjì dúró, ẹnì kan ní etí odò níhìn-ín, èkejì lọ́hùn-ún, tàwọn tọmọ ogun wọn. Wọ́n wọ́ Àwẹ̀ró wá pẹ̀lú ṣẹkẹṣẹkẹ, ọkọ rẹ̀ tẹ̀lé e.

“Ayélàágbé, kí ló dé tí o fi yí àrokò mi padà?”

“Èmi? Kí orí mi má jẹ̀ẹ́! Bó ṣe dé ni mo ṣe dá a padà. Ìwọ lo ní kò sí ohun tó pa wá pọ̀ mọ́.”

“Mo ní kí o wá ká jọ jẹ iṣu ká sì pín igbó ni!”



“Iṣu?” ni Ayélàágbé wí, ohùn rẹ̀ kò ròkè. “Iṣu ni mo torí ẹ̀ sin àbúrò mi?”

Òjédòkun fa àrokò náà yọ nínú àpò rẹ̀. Àwẹ̀ró na ọrùn, ó wò ó. “Baba, ṣé ẹ̀yin lẹ ta kókó okùn yìí?”

Baálẹ̀ tẹ ojú mọ́ ọn. “Kókó tèmi kì í rí báyìí.”

“Èmi ò tú u rí,” ni Ayélàágbé wí.

Àwẹ̀ró rọra gbójú kúrò lára okùn náà, ó gbé e lé ìbàdí ọkọ rẹ̀. Gbogbo ojú tó wà létí odò bá tirẹ̀ lọ. Kókó kan náà ló wà lára okùn ṣòkòtò Ọdẹ́bùnmi: wọ́n lọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ki ṣóńṣó rẹ̀ bọ apá òsì.

Ọdẹ́bùnmi wo okùn ìbàdí rẹ̀. Kò mọ̀ rí pé ọ̀rọ̀ wà nínú bí wọ́n ṣe so ó pọ̀, kò ronú kàn án rí.

“Omi ló rin ín,” ló wí. “Mo tú u, mo sá a sórí òkúta, mo tún un so. Nígbà tí mo kojú wọn síra, kò jókòó. Wọ́n ti dá ẹ̀yìn wọn lu, ẹ̀yìn ló tẹ́jú. Mo kọ̀yìn wọn síra, ó sì gún régé. Mo ní kó lè dùn ún wò ni.”

Ènìyàn mọ́kàndínlógún. Ọmọ ogun kan fa àdá yọ. Àwẹ̀ró wọ́ ṣẹkẹṣẹkẹ rẹ̀ ján-án-ján-án, ó bọ́ sáàárín.

“Ẹ tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Ẹ bi í léèrè, ó dáhùn. Ká ní ẹ ti bi í lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ńkọ́?”

Òjédòkun fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bọ́ sínú odò láti lọ bá Ayélàágbé. Omi náà kò dé orókún rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n wo ara wọn lójú tán, wọ́n tú ṣẹkẹṣẹkẹ Àwẹ̀ró, wọ́n sì tú ti àwọn yòókù. Wọ́n fi àwọn òkú ogun náà búra pé a kò ní de ẹnikẹ́ni mọ́ nítorí ibi tí a bí i sí, a kò ní dá ẹjọ́ ẹni tí a kò tíì bi léèrè, bí ọ̀rọ̀ bá sì ṣẹlẹ̀, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni baálẹ̀ yóò fi lọ sọ ọ́. Ọdẹ́bùnmi kò jẹ́ iṣẹ́ mọ́. Ibojì mọ́kàndínlógún ni wọ́n ní kó máa gbá, ní etí odò méjèèjì, títí ọjọ́ rẹ̀ fi pé.

Èyí ló fà á tí àwọn àgbà fi máa ń pa á lówe títí dòní pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n ti okùn ṣòkòtò yẹn, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kó mọ sáàárín àwa àti ẹ̀yin: àwọn ọmọ-ọmọ Ọdẹ́bùnmi ṣì ń ta kókó bẹ́ẹ̀.