Àpáta Tí A Fi Sìmẹ́ńtì Dí

Ọkùnrin kan wà ní ìlú olókùúta, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń sá gbodo, iṣu tí wọ́n fẹ́ fi ṣe èlùbọ́, sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Àpáta náà ti sán, gbodo sì ń já sínú ibi tó sán. Ìyàwó ní, "Bàbá Àyọ̀ká, ẹ bá mi fi sìmẹ́ńtì dí i. Àbí aláǹgbá lẹ fẹ́ máa bọ́ ni?" Ọkọ rẹ́rìn-ín, ó dí i, ó sì dán an títí ó fi jọ̀lọ̀. Kí òjò tó rọ̀ lọ́dún náà, ìyàwó ti kú.

Lẹ́yìn èyí ni kànga ìlú gbẹ. Àwọn èèyàn ń kó lọ. Àyọ̀ká, ọmọ wọn tó ń gbé ní ìlú mìíràn, ní bí omi kò bá jáde, òun yóò mú bàbá òun lọ sọ́dọ̀ òun. Bàbá kò sì fẹ́ fi ilé tí a sin ìyàwó rẹ̀ sí sílẹ̀.

Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ wíwá omi abẹ́ ilẹ̀ dé. Ó ní, "Bàbá, àpáta tó dì kì í gba omi. Ibi tó sán ni omi ń gbà. Bí mo bá rí i lókè, màá mọ ibi tó forí lé lábẹ́ ilẹ̀. Níbo ni tiyín ti sán?"

"Tiwa kò sán," ni bàbá wí, torí sìmẹ́ńtì yẹn ni iṣẹ́ tí òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ ṣe kẹ́yìn. Obìnrin náà yí àpáta po, kò rí nǹkan kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́.

Bàbá wo ojú oórì ìyàwó rẹ̀. Ó wọlé, ó mú òòlù jáde, ó sì fọ́ sìmẹ́ńtì náà. Ibi tó sán hàn, ó lọ tààrà bí okùn sí apá oko. Obìnrin náà tẹ̀ lé e kọjá ibi tí iyẹ̀pẹ̀ ti bò ó, ó dúró. "Ẹ gbẹ́ ibí."

Wọ́n gbé ẹ̀rọ dé, ó ń gbẹ́ ilẹ̀, eruku ń sọ. Nígbà tó yá, eruku di ẹrẹ̀, omi sì tú sókè! Tọmọdé tàgbà kó sínú ẹrẹ̀, wọ́n ń jó. Ìyá arúgbó kan pariwo: "Bàbá Àyọ̀ká, orí omi lo jókòó sí, tí o jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi bó níbi tí mo ti ń wá omi kiri!" Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ìwọ tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, tí o ń dá gbogbo ẹni tó bá kí ọ lóhùn pé kò sí nǹkan, ọkàn rẹ ni àpáta yẹn. Má ṣe dí ibi tó sán mọ́ ẹni tó wá bá ọ. Ibẹ̀ ni oore rẹ yóò gbà dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

Ọkùnrin yẹn kò kó lọ mọ́. Láràárọ̀ ni àwọn aládùúgbò ń gba ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lọ pọnmi.