Ìkòkò Ìyàwó àti Òjò Òkè

"Bí ẹja bá wọ́n lódò, òjò òkè là á bi, a kì í bi ìkòkò ìyàwó." Tọmọdé tàgbà ló ń pa òwe yìí, àmọ́ ta ló mọ gbòǹgbò rẹ̀ nínú yín?

Ní abúlé apẹja kan létí odò Ògùn, ẹja àrọ̀ dàwátì lọ́dún kan. Wọ́n á dẹ ìgèrè, ewé jíjẹrà ni wọ́n á bá nínú rẹ̀. Wọ́n wá ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi rù, ojú wọn sì bọ́ sára Ọyáníkẹ̀ẹ́, ìyàwó tuntun tí wọ́n fẹ́ wá láti Òkè-Ògùn, níbi tí odò náà ti ń ṣàn bọ̀. Ó ti fọ ìkòkò tí ìdí rẹ̀ dúdú nínú odò, èèwọ̀ sì ni. Ṣówándé, olórí apẹja, ní kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, kó padà sílé bàbá rẹ̀.

Àwẹ̀ró, ìyá ọkọ rẹ̀, gbọ́. Arúgbó yìí sanra, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Ó wọ́ lọ sí etí odò níbi tí àwọn apẹja péjọ sí, Ọyáníkẹ̀ẹ́ tẹ̀ lé e.

"Ẹ̀yin ọkọ mi, láti ìgbà tí mo ti wọlé yín ni mo ti ń wẹ̀ nínú odò yìí. Ìdí tèmi dúdú ju ti ìkòkò lọ, ó sì fẹ̀ jù ú lọ. Ẹja ò sá."

"Ìyá, ẹ̀fẹ̀ kọ́ la wá ṣe," ni Ṣówándé wí.

Àwẹ̀ró kọjú sí ìyàwó. "Iṣu táwọn èèyàn rẹ ṣèlérí fún wa lọ́dún yìí ńkọ́?"

"Kò sí, Ìyá mi. Òjò kọ̀ lọ́dọ̀ wa. Inú ebè niṣu gbẹ sí."

Arúgbó pàtẹ́wọ́. Ó ṣáà mọ̀ pé ìgbà tí odò bá kún wọ àbàtà ni àrọ̀ máa ń bá omi gòkè lọ yé ẹyin sáàárín koríko. Láti ọdún tó kọjá, odò kò tíì dé àbàtà rí.

"Òjò tí kò rọ̀ lókè, kí ni yóò gbé ẹja dé àbàtà? Ẹ jẹ́ kó dúró di àmọ́dún. Bí òjò bá rọ̀ lọ́hùn-ún tí ẹja ò dé, ẹ lé àwa méjèèjì lọ. Àmọ́ kẹ́ ẹ tètè wá ẹni tí yóò rù mí."

Wọ́n gbà. Nígbà tó di àmọ́dún, oòrùn ń ràn ganrínganrín lórí abúlé, ẹ̀kán òjò kan ò bọ́, odò kàn pọ́n bí ẹrẹ̀, ó gun àbàtà, ó dé ìdí ààrò Àwẹ̀ró. Nígbà tí yóò fi fà, àrọ̀ ti kún ìgèrè débi pé okùn ń já.

Ṣówándé fọwọ́ ara rẹ̀ gbé èyí tó tóbi jù wá fún Ọyáníkẹ̀ẹ́. Olórí apẹja wo ìkòkò dúdú tó wà lórí ààrò. Ó gbé e, ó sì lọ fọ̀ ọ́ lódò.

"Ó ku ìdí tèmi," ni Àwẹ̀ró wí.

Bí nǹkan bá bàjẹ́, tí àwọn èèyàn fẹ́ di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹni tó sún mọ́ wọn jù, tí wọn kò wo ohun tó fà á láti òkèèrè, ìgbà náà làwọn àgbà máa ń sọ pé: bí ẹja bá wọ́n lódò, òjò òkè là á bi, a kì í bi ìkòkò ìyàwó.