Ẹ̀ẹ̀mẹta Ni Ìjàpá Kan Ìkòkò Òjò

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ṣé ebi ló ń pa yín ni, tí ohùn yín rí bíi ti ẹ̀fọn? Mo ní ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹn-ẹ́n. Ẹ kọ́kọ́ já èyí fún mi. Ilé kan wà tí kò ní fèrèsé, onílé kì í sì í jáde kúrò nínú rẹ̀ láyé. Bí àlejò bá kan ilé náà, kàkà kí onílé bèèrè pé ta nìyẹn, orí ló máa ń fà wọlé. Kí ló dé tó fi ń bẹ̀rù àlejò? Àlàmú, pa ẹnu dé. Mo mọ̀ pé o ti mọ onílé. Ìdí rẹ̀ ni mò ń bèèrè, o ò sì mọ ìyẹn.

Ìbídùn, ìwọ náà nu ojú rẹ, kí o gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Gbogbo ilé ló ti gbọ́. Wọ́n ṣe gbànjo ẹ̀rọ ìránṣọ lórí fóònù, iye tí ìwọ dá ló ga jù, wọ́n ní o kú oríire, ó ti di tìrẹ. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní àwọn ò tà mọ́, wọ́n ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Kó tó di ọ̀sán, ẹ̀rọ tó bàjẹ́ ti tún wà lórí àtẹ, owó orí rẹ̀ sì ti lé sí i. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí ní akínyẹmí ara, ọmọ mi. Àmọ́ má rò pé òní ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Baba ńlá wọn ló ń bọ̀ yìí.

Àlọ́ mi rìn títí, kò ya ilé ọba, kò ya ilé ìjòyè, ẹnu ọ̀nà Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo, ló dúró sí.

Ní ọdún kan, òjò kọ̀ nílùú àwọn ẹranko. Ó kọ̀ kanlẹ̀. Odò gbẹ, ó di ojú ọ̀nà, èèrà ń tò kọjá níbi tí ọ̀nì ti ń wẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyá kan wà nílùú náà tó ń jẹ́ Ẹtu. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ kan ṣoṣo. Ọmú rẹ̀ gbẹ. Ọmọ náà sunkún títí, nígbà tó yá, kò sunkún mọ́. Ẹ má rò pé ìyẹn dáa o. Ọmọ tó bá ń sunkún ṣì lágbára. Láràárọ̀ ni Ẹtu máa ń gbé etí lé ọmọ yìí láyà, kó tó mọ̀ bóyá òun ṣì ní ọmọ.

Ìgbà náà ni Ìjàpá wọ inú ihò àpáta kan lọ wá ohun tí yóò jẹ. Ó bá ìkòkò dúdú kan níbẹ̀, wọ́n ti fi amọ̀ lẹ ẹnu rẹ̀ pa. Ó gbé etí lé e.

Yéè! Òjò ń rọ̀ nínú ìkòkò! Ó ń rọ̀ sórí ewé, ó ń ṣàn lórí òkúta, àrá ń sán lókèèrè. Ìjàpá fò sẹ́yìn. Kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí, èmi náà ò sì tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ṣé ẹ mọ nǹkan tó kọ́kọ́ sọ lẹ́yìn tí ara rẹ̀ balẹ̀? Ó ní, "Èló ni n ó ta èyí?"

Ó yí ìkòkò náà délé, ó kéde gbànjo sí ìdí igi ọdán. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe gbànjo níbẹ̀. Ẹni tó ń tà yóò mú ọ̀pá kékeré kan lọ́wọ́. Bí wọ́n bá dá iye títí, tí kò sẹ́ni tó lè fi kún un mọ́, yóò fi ọ̀pá kan ọjà náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ̀kínní, "Ojú ti rí i!" Ẹ̀kejì, "Etí ti gbọ́ ọ!" Ẹ̀kẹta, "Ọwọ́ ti gbà á!" Ó parí nìyẹn. Ọba pàápàá ò lè yí i padà. Àwọn àgbà ní láti ìgbà náà lọ, ọjà fúnra rẹ̀ ti mọ ẹni tó ni ín. Ìjàpá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láti kékeré, ó sì kà á sí àsọdùn àwọn arúgbó.

Ọjọ́ gbànjo pé. Àwọn ẹranko ń gbé etí lé ìkòkò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀bọ tí kì í dákẹ́ láyé, ó dákẹ́. Ìkookò kúnlẹ̀, kò mọ̀gbà tó kúnlẹ̀. Ìyá àgbà Ọ̀pọ̀lọ́, tó dàgbà ju gbogbo ìlú lọ, gbé etí tirẹ̀ lé e, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Òjò ni. Òjò gidi ni. Mo mọ ohùn rẹ̀."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá iye. Ọ̀bọ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ dá a. Ìkookò fi ẹran gbígbẹ lé e. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní òun ní èkùrọ́ apẹ̀rẹ̀ kan.

"Èkùrọ́ lásánlàsàn!" Ìjàpá yínmú. "Gbé e lọ ilé. Ìkòkò òjò ni mò ń tà, kì í ṣe ìdérí àmù."

Gbogbo wọn fi Ọ̀kẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọ̀kẹ́rẹ́ fi èkùrọ́ kan sẹ́nu.

Ẹtu bá bọ́ síwájú, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Àká ẹ̀wà mi. Gbogbo rẹ̀ pátá. N kò ní ṣẹ́ ẹyọ kan kù."

Ìjàpá àti ẹ̀wà! Itọ́ kún un lẹ́nu. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò sẹ́ni tó lè fi kún un. Ó gbé ọ̀pá sókè. Kó! "Ojú ti rí i!" Kó! "Etí ti gbọ́ ọ!" Kó! "Ọwọ́ ti gbà á! Ìyá Ẹtu, ẹ kú oríire. Ẹ gbé ẹ̀wà wá láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹ wá gbé òjò yín."

Ẹtu kúnlẹ̀ fún gbogbo ayé. Ó yíjú sẹ́yìn, ó ní, "Ọmọ mi, òjò rẹ ń bọ̀ lọ́la."

Kò pẹ́ tí ìlú tú ká ni Erin dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, torí ọ̀nà rẹ̀ jìn. "Ìjàpá, ṣé o ti ṣe gbànjo tán?"

"Mo ti ṣe é tán, Bàbá."

"Áà! Èmi tí mo fẹ́ fi oko iṣu mi méjèèjì dá a!"

Oko iṣu méjì. Ìjàpá gbé e mì, ó tún pọ̀ ọ́ sẹ́nu. Ó ní, "Bàbá Erin, ta ló sọ fún yín pé ó tán? Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ẹ wá lọ́sàn-án ọ̀la."

Yánníbo gbọ́ ọ láti inú ilé. Ó ní, "Baálé mi, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ kàn án o."

"Ṣé ìkòkò ti kúrò nílé mi ni? Ohun tó bá ṣì wà nílé mi, tèmi ni."

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀. Ojú ń tì mí fún yín."

Ilẹ̀ mọ́. Ẹtu gbé apẹ̀rẹ̀ ẹ̀wà àkọ́kọ́ dé. Ìjàpá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fajú ro bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. "Ìyá Ẹtu, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Nǹkan ṣe. Ìkòkò ti fọ́."

"Ó fọ́? Ṣebí òun ni mò ń gbọ́ tó ń rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn?"

"Àfọ́kù rẹ̀ lẹ ń gbọ́."

Ẹ má rẹ́rìn-ín, inú ń bí mi!

"Ìjàpá, jẹ́ kí n gbé àfọ́kù náà bẹ́ẹ̀."

"Rárá o, yóò gé yín lọ́wọ́. Ẹ kó ẹ̀wà yín padà, kò sí nǹkan tó sọnù lọ́wọ́ yín."

Ẹtu gbé ọwọ́ lé ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní, "Mo ti sọ fún ọmọ yìí pé òjò rẹ̀ ń bọ̀. Ìyẹn ló sọnù lọ́wọ́ mi." Ó gbé ẹ̀wà rẹ̀, ó pẹ̀yìn dà.

Ẹ wá gbọ́ nǹkan o. Bí Ẹtu ṣe ń gbé ẹsẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni òjò inú ìkòkò ń rọlẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́wàá, àrá dákẹ́. Ó gbé ogún, omi tó ń ṣàn lórí òkúta dákẹ́. Nígbà tó yà ní kọ̀rọ̀ ọ̀nà, ìkòkò náà dákẹ́ lọ gbári. Ìjàpá gbé etí lé e, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó mì í, kò mì.

Erin dé lọ́sàn-án. Ó gbé etí ńlá rẹ̀ lé ìkòkò. "Òjò dà?"

"Ó ń sùn ni, Bàbá. Ẹ kàn máa gbé e lọ, yóò jí lọ́nà."

Erin fi imú gígùn rẹ̀ wé ìkòkò, ó gbé e. Kò dìde. Ó ki ẹsẹ̀ bọlẹ̀, ó tún gbé e. Erin tó ń hú ìrókò! Ìkòkò tí Ìjàpá fi ọwọ́ yí délé! Kò kúrò lójú kan. Ẹ̀rù ba Erin. Ó fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ó ní, "Ìjàpá, ta lo kọ́kọ́ ta nǹkan yìí fún?" Kò dúró gbọ́ èsì, ó ti ń pe ìlú jọ sí ìdí ọdán.

Ìyá àgbà Ọ̀pọ̀lọ́ ló bi í léèrè. "Ìjàpá, ṣé o kan ìkòkò fún Ẹtu ní ẹ̀ẹ̀mẹta?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni, Ìyá. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀pá yọ̀ lọ́wọ́ mi, ilẹ̀ ló kàn. Etí ló tàn yín jẹ."

"Fi bó ṣe yọ̀ hàn wá."

"Kò sí ìkòkò níbí tí n ó fi hàn yín."

"Ẹ̀yìn rẹ ńkọ́? Ó le tó ìkòkò."

Orí Ìjàpá wú. Ó mọ ẹ̀tàn ṣe, ó sì fẹ́ràn kí ayé máa wo òun. Ó gbé ọ̀pá, ó na ọwọ́ sẹ́yìn. Kó! "Ojú ti rí i!" Kó! "Etí ti gbọ́ ọ!"

"Èkùrọ́ kan!" Ọ̀kẹ́rẹ́ ló pariwo látorí ẹ̀ka.

Ìjàpá ti ń ju ọ̀pá fún ẹ̀kẹta, ó ń darí rẹ̀ sí ilẹ̀. Àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kúrú, ẹ̀yìn rẹ̀ sì fẹ̀. Kó! Ọ̀pá balẹ̀ sí gbàgede ẹ̀yìn rẹ̀, gbogbo ìdí ọdán ló dún.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, "Ọwọ́ ti gbà á. Mo ti ra ẹ̀yìn Ìjàpá."

"Mo fagi lé e!" Ìjàpá figbe ta. "N kò tà mọ́! Èkùrọ́ kan ṣoṣo? Ẹ̀yìn mi ti sán, ó ti bàjẹ́, kò ṣeé tà!"

Ẹ̀rín pa ìlú kú. Ìyá àgbà Ọ̀pọ̀lọ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èmi ò ní dá ẹjọ́ yìí. Ẹ jẹ́ ká lọ bi ìkòkò. Bí kò bá mọ Ẹtu, títà ẹlẹ́ẹ̀mẹta ti di asán, Ìjàpá yóò sì mú ẹ̀yìn rẹ̀ lọ ilé. Bó bá mọ̀ ọ́n, ẹni tó rà á ló ni ín, ìkòkò ni o, ẹ̀yìn ni o."

Wọ́n dé ilé Ìjàpá. Ìkòkò dákẹ́ sílẹ̀ bí òkúta. Ẹtu gbé ọmọ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ ò lajú mọ́. Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ẹ gbè é fún mi.

Ìkòkò òjò, èmi ló rà ọ́.
*Wìnnìwìnnì, rọ̀.*
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n kàn ọ́.
*Wìnnìwìnnì, rọ̀.*
Ọmọ mi ò lè sunkún mọ́.
*Wìnnìwìnnì, rọ̀.*
Dìde, ká máa lọ ilé.
*Wìnnìwìnnì, rọ̀.*

Nǹkan dún nínú ìkòkò. Tó. Ẹ̀kán omi kan. Tó, tó. Àrá kùn nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹtu na ọwọ́, ó gbé e, ìkòkò tí Erin ò lè gbé, ó dìde bí igbá òfìfo. Amọ̀ ẹnu rẹ̀ já bọ́ fúnra rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tútù jáde, ó ń gòkè, ó ń dúdú, ó ń fẹ̀, ó bo oòrùn, ó bo òkè, ó bo gbogbo ìlú. Gbogbo wọn gbé ojú sókè, ẹnu wọn là sílẹ̀.

Òjò ńlá bá dé. Ẹ̀kán àkọ́kọ́ bọ́ sí ètè ọmọ Ẹtu. Ó lá a. Ẹ̀kán kejì bọ́ sí i lójú, ó sì bú sẹ́kún, ẹkún kíkan. Inú ìyá rẹ̀ dùn sí ẹkún yẹn ju orin èyíkéyìí lọ. Erin tó tóbi bẹ́ẹ̀ ń sunkún nínú òjò, ó rò pé a ò rí òun.

Ẹtu kó àká ẹ̀wà rẹ̀ pátá wá bá Yánníbo. Ó ní, "Mo rà á ni. Ohun tí mo sọ rèé." Yánníbo se ẹ̀wà náà, ó da epo lé e, òórùn rẹ̀ gba àdúgbò. Ìjàpá ń yọ orí síta láti jẹun, ló bá gbọ́ ìka kan lórí ẹ̀yìn rẹ̀: kó! Ọ̀kẹ́rẹ́ ni, èkùrọ́ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo wá gbé ọjà mi." Ìjàpá fa orí wọlé wìtì. Kò jẹ ẹ̀wà náà mọ́.

Ìdí nìyẹn, Àlàmú, tó fi jẹ́ pé bí o bá fi ìka kan ẹ̀yìn ìjàpá títí dòní, orí ló ń fà wọlé. Ó rò pé ẹni tó rà á ló dé. Ìdí nìyẹn náà tí ọ̀kẹ́rẹ́ fi máa ń di èkùrọ́ kan mú lọ́wọ́ méjèèjì, tí yóò máa wo ọ̀tún wo òsì. Owó ọjà rẹ̀ ló mú lọ́wọ́, ó ń wá ọlọ́jà.

Ìbídùn, ẹ̀rọ yẹn kò ní rán aṣọ ire fún ẹni tó jí i tà lẹ́ẹ̀kejì. Lọ jẹun.

Ibi tí mo bá àlọ́ dé nìyí. Bí mo bá fi èké sí i, kí ẹnu mi má dún bí mo bá kàn án. Ẹ tẹ́tí: kó! Ojú ti rí i. Kó! Etí ti gbọ́ ọ. Kó! Ọwọ́ ti gbà á. Àlọ́ ti di tiyín, n kò sì ní gbà á padà.