Ìgbálẹ̀ Ilé Àdùfẹ́

Mo kí yín o, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí ó jí wa lónìí, tí ó fún wa ní ojú láti kàwé àti etí láti gbọ́ràn. Ọpẹ́ ni fún un pẹ̀lú nítorí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí ó fi sáàárín wa.

Àwọn àgbà a máa wí pé, “Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.” Kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí nínú wa. Ṣùgbọ́n ta ni ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀? Ẹ fara balẹ̀, kí n sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Ní ayé àtijọ́, opó kan wà ní ìlú kékeré kan tí à ń pè ní Òkè-Awùsá. Àdùfẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Olóyèdé ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, wọn kò sì bímọ kí ọlọ́jọ́ tó dé. Ilé rẹ̀ ni ó gbẹ̀yìn lójú ọ̀nà odò, ohùn ènìyàn kì í sì í sábà dé ibẹ̀ àfi ti ẹni tí ń kọjá lọ pọnmi. Nígbà mìíràn Àdùfẹ́ á bu ọbẹ̀ ti ẹni méjì kí ó tó rántí, á sì rọra dá ti èkejì padà sínú ìkòkò.

Àṣà kan wà ní Òkè-Awùsá. Bí ọmọ bá ti pé ọdún méje, àwọn òbí rẹ̀ á mú un wọ ẹgbẹ́ ọmọdé. Ìgbálẹ̀ tuntun tí wọ́n dì nínú ilé rẹ̀ ni yóò mú lọ bá Baálẹ̀, Baálẹ̀ á sì tò ó mọ́ ti àwọn yòókù. Iye ìgbálẹ̀ tí ó bá wà níbẹ̀ ni iye ilé tí ẹgbẹ́ ń ṣiṣẹ́ fún. Ní ọjọ́ karùn-ún karùn-ún, kí oòrùn tó mú, àwọn ọmọ náà á jáde tòun torin, wọ́n á gbá ojúde, wọ́n á pọnmi kún ìkòkò àwọn arúgbó, wọ́n á sì tu koríko ẹ̀bá ọ̀nà. Àṣà tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ilé tí kò ní ọmọ kò ní ìgbálẹ̀, ilé tí kò sì ní ìgbálẹ̀, ẹgbẹ́ kì í yà síbẹ̀. Wọn kò fi ìkà ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá a. Àdùfẹ́ á jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, á gbọ́ orin wọn tí ń bọ̀, á gbọ́ ọ tí ó dé ilé aládùúgbò, á sì gbọ́ ọ tí ó ṣẹ́rí padà.

Ní ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, òjò tètè dé, gbogbo ìlú sì ti ń gbin ẹ̀gúsí. Inú kèrègbè kan ni Àdùfẹ́ ń kó irúgbìn tirẹ̀ sí. Olóyèdé fúnra rẹ̀ ni ó gbin kèrègbè náà, tí ó ha inú rẹ̀, tí ó fi ọ̀bẹ gbígbóná fín ẹyẹ méjì sí i lára. Nínú gbogbo ohun tí ó kù nínú ilé, òun nìkan ni ọwọ́ ọkọ rẹ̀ hàn lára rẹ̀. Àṣé òrùlé ti ń jò sínú rẹ̀. Irúgbìn rin, ó dì mọ́ ìsàlẹ̀. Àdùfẹ́ dorí kèrègbè kodò, irúgbìn kò bọ́. Ó fi igi tọ́ ọ, ẹ̀gúsí ń fọ́. Ó ki ọwọ́ bọ ọrùn rẹ̀, ìka wọlé, àtẹ́lẹwọ́ kọ̀. Bí ilẹ̀ bá tún mọ́, irúgbìn á jẹrà, ebi ni yóò sì fi ọdún náà jẹ. Bí ó bá sì fọ́ kèrègbè, irúgbìn á jáde, ṣùgbọ́n lójú rẹ̀, Olóyèdé á kú lẹ́ẹ̀kejì.

Ó gbé e jáde sí ẹnu ọ̀nà ní òwúrọ̀, ó mú ọmọ ọlọ dání. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó tún gbé e sókè, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀.

Ọjọ́ ẹgbẹ́ ni ọjọ́ náà. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tí ń jẹ́ Ìbídùn. Kò ju ọmọ ọdún méje lọ, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ sì nìyẹn, kò tíì mọ ilé tí ó ní ìgbálẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí kò ní. Ó gbálẹ̀ títí, ó gbá ojúde aládùúgbò tán, ó sì ń gbá a bọ̀ títí tí ó fi dé ẹsẹ̀ Àdùfẹ́. Àdùfẹ́ kò fẹ́ kí ó dáwọ́ dúró.

Àyìnlá, olórí ẹgbẹ́, ni ó sáré dé. “Ìbídùn, ta ní rán ọ débẹ̀? Ilé yẹn kò ní ìgbálẹ̀.”

“Ó sá dọ̀tí,” ni Ìbídùn wí. “Àbí ìdọ̀tí ibí a máa bu ni jẹ?”

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní bí wọn kò bá dá a dúró, yóò gbálẹ̀ wọ inú odò, ẹja ni yóò sì sọ fún un pé ó tó. Àyìnlá ní kò kan òun, ẹni tí ó bá rú òfin ni yóò rojọ́ lọ́dọ̀ Baálẹ̀. Ó kó àwọn yòókù lẹ́yìn, wọ́n lọ.

Ìbídùn dúró. Ó béèrè ohun tí ìyá fẹ́ fi ọmọ ọlọ ṣe. Àdùfẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti irúgbìn, ti òrùlé, ti ẹyẹ méjì ara kèrègbè, ọ̀rọ̀ tí kò tíì rí ẹni bá sọ láti ọdún mẹ́fà. Ọmọ náà jókòó, ó pa ìka pọ̀, ó sì ki ọwọ́ bọ inú kèrègbè títí dé ìgúnpá. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń ha irúgbìn jáde, tí Àdùfẹ́ ń sá a sórí ẹní. Nígbà tí ó fi tán, ẹ̀gúsí kún ẹní, kèrègbè kò sì sán.

Àdùfẹ́ béèrè ohun tí òun yóò fún un.

“Ìgbálẹ̀ kan ni, ìyá,” ni Ìbídùn wí. “N ó mú un lọ bá Baálẹ̀ lórúkọ ilé yín.”

Ní ọdún tí Àdùfẹ́ wọlé ọkọ, ó ti di ìgbálẹ̀ kan de ọmọ tí yóò bí, ó sì fi sórí pẹpẹ òkè ààrò. Èéfín ti sọ ọ́ di dúdú. Kò tíì fi han ẹnikẹ́ni rí. Ó nàka sí i. Ìbídùn fò, kò tó o. Ó yí odó dojú dé, ó gùn ún, kò tó o síbẹ̀. Nígbà náà ni Àdùfẹ́ dìde, ó na ọwọ́, ó gbé ìgbálẹ̀ náà sọ̀ kalẹ̀, ó sì fi etí aṣọ rẹ̀ nu èéfín ara rẹ̀.

Nígbà tí Ìbídùn dé ọ̀dọ̀ Baálẹ̀, ẹjọ́ rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Àwọn àgbà ní a kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ kì í gbé ìgbálẹ̀ ilé tí a kò bí i sí. Baálẹ̀ wá béèrè pé ilé tí kò fún ẹgbẹ́ lọ́mọ, kí ni Ìbídùn fẹ́ kí ẹgbẹ́ máa ṣe níbẹ̀?

Ìbídùn kúnlẹ̀, ẹ̀rù ń bà á. “Baba, mo fò títí, ọwọ́ mi kò tó pẹpẹ wọn, àwọn ni wọ́n bá mi gbé e. Ọwọ́ tiwọn náà kò wọ kèrègbè, èmi ni mo bá wọn kó o. Nínú àwa méjèèjì, ta ni ẹ rí tí kò wúlò?”

Baálẹ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wo ti ọmọ náà. Ó gba ìgbálẹ̀ dúdú yẹn, ó sì tò ó mọ́ àwọn yòókù. Láti ọjọ́ náà, ẹgbẹ́ kò fo ilé kankan mọ́ ní Òkè-Awùsá.

N kò ní purọ́ fún yín pé ìdáwà Àdùfẹ́ tán. Bí àwọn ọmọ bá ti ṣiṣẹ́ tán, ìró ẹsẹ̀ wọn á lọ sápá ìlú, ilé á tún dákẹ́, odò nìkan ni yóò máa gbọ́. Ṣùgbọ́n nínú ọjọ́ márùn-ún, ó ní ọ̀kan tí ó ń retí.

Nítorí náà ni àwọn àgbà ṣe ń wí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Wọ́n ń pa á nígbà tí àgbà bá fojú di ọmọdé pé kí ni ó lè ṣe, tàbí tí ọmọdé bá rò pé ìwúlò àgbà ti tán. Mo sì rò pé ó yẹ kí a máa pa á fún òbí tí ó ń ti ọmọ rẹ̀ mọ́lé nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ bá jáde lọ ṣe iṣẹ́ àdúgbò, nítorí kò mọ ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn tí ń retí ọwọ́ kékeré náà.

Kí Olúwa tí kò gbàgbé opó má ṣe jẹ́ kí ilé rẹ ṣófo ohùn ènìyàn. Kí ó bù kún ọmọ ọwọ́ rẹ àti ọmọ tí ìwọ kò bí, kí ayọ̀ wọn sì kàn ọ́ lára. Àmín.