Onílé Ni Àríńpé So

Yàrá ẹ̀yìn tí Àríńpé opó ń gbé ni Olóyè Láníhùn tó ni ilé fẹ́ máa kó kòkó sí, ó sì ń wá àwáwí tí yóò fi lé e jáde. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó gbé àkùkọ tuntun dé, ó ní, “Àríńpé, tú èyí sáàárín àwọn adìẹ rẹ. O ò gbọdọ̀ so ó, o ò gbọdọ̀ fi agbọ̀n dé e. Bí mo bá rí ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ nígbà tí mo bá ti oko dé, kó ẹrù rẹ.” Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé Abìjàwàrà, àkùkọ Àríńpé, kì í jẹ́ kí akọ mìíràn tẹ àgbàlá náà. Àríńpé ní, “Ó dáa, Bàbá.” Bí Olóyè ti kẹ́yìn sí i, Àríńpé mú okùn tí wọ́n fi ń so adìẹ tuntun kó má baà ṣìnà, ó fi so Abìjàwàrà mọ́ ìdí ìbẹ́pẹ, ó sì da àgbàdo síbi tí okùn kò dé. Abìjàwàrà fò títí tó fi rẹ̀ ẹ́. Àlejò bá àwọn abo jẹun yó, ó sì kọ kùkúrúùkúù. Nírọ̀lẹ́, Olóyè yẹ àkùkọ rẹ̀ wò látorí dé ìrù, kò rí ẹ̀jẹ̀ kankan. “Èwo lo wá so yìí? Ṣebí àlejò là ń so!” “Ẹ ní kí n má so àlejò, Bàbá. Ẹ ò sọ̀rọ̀ onílé.” Olóyè wo okùn, ó wo Àríńpé, ó bú sẹ́rìn-ín: “Máa gbé yàrá rẹ jàre, kí o má baà so èmi náà mọ́ ìbẹ́pẹ!”