Ìjàpá àti Agbọ̀n Tó Yan Akọ́nimọ̀ọ́gbá

Àlọ́ o.

Àlọ̀.

Àlọ́ mi gbéra nílẹ̀, ó fò kọjá lórí Erin, kò bà lé e. Ó fò kọjá lórí Ẹfọ̀n, kò bà lé e. Ó lọ wọnú agbọ̀n kan tó so kọ́ lẹ́ka igi, ó bá Ìjàpá, ọkọ Yánníbo, tó ká jọ síbẹ̀. Kí ni Ìjàpá ń wá nínú agbọ̀n? Ẹ fara balẹ̀, ẹ ó gbọ́.

Ní ayé ìgbà kan, àwọn ẹranko ní ẹgbẹ́ tó ń ju bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n. Oje igi rọ́bà ni wọ́n fi ń ṣe bọ́ọ̀lù náà, ó sì wúwo. Wọ́n fi okùn fa agbọ̀n ńlá kan sókè lára igi àràbà tó wà létí odò. Bí bọ́ọ̀lù bá wọlé, wọ́n á tú okùn, wọ́n á sọ agbọ̀n kalẹ̀, wọ́n á mú bọ́ọ̀lù, wọ́n á tún fà á sókè.

Erin ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Nígbà tó yá, ara Erin di ara àgbà, ó ní òun fẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ọmọ òun. Ó lọ nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta péré kí wọ́n bá àwọn ẹranko òdìkejì odò figagbága. Ìdíje náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ẹgbẹ́ tí wọ́n bá nà ni yóò máa mu omi kẹ́yìn ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn tí àwọn tó borí bá ti da odò rú tán.

Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ péjọ sábẹ́ àràbà, ọ̀rọ̀ sì pín wọn sí méjì. Ẹtu kó àwọn kan sẹ́yìn, wọ́n ní Àgùnfọn làwọn fẹ́, pé ẹni tí ojú rẹ̀ bá agbọ̀n dọ́gba ló mọ bí wọ́n ṣe ń ju nǹkan sí i. Ọ̀yà kó àwọn yòókù sẹ́yìn, wọ́n ní Ìnàkí ni.

"Àgùnfọn yín yìí," ni Ọ̀yà wí, "ta ló ti gbọ́ ohùn rẹ̀ rí? Ṣé ọrùn ni yóò máa fi bá àwọn ọmọ wí?"

Ẹtu dáhùn pé bí Ìnàkí bá rí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò rántí bọ́ọ̀lù mọ́. Ìnàkí rọra fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn.

Ilẹ̀ ṣú, wọn ò rí i yanjú. Wọ́n sún un di òwúrọ̀. Àwọn tó jọ máa ń rìn padà sílé ya ara wọn lọ́nà, wọn ò kí ara wọn pé ó dàárọ̀.

Ìjàpá ò bá wọn dá sí i. Ìkòkò ńlá kan ló ń wò, èyí tí wọ́n fi ń se àsáró fún akọ́nimọ̀ọ́gbá. Erin nìkan ló máa ń dá a jẹ. Lójú Ìjàpá, ìkòkò yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n wọn kì í mú ẹni tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ara rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bá a dárúkọ, nítorí kò sí ẹni tó rí i kó ju bọ́ọ̀lù rí. Ìgbà tí oúnjẹ bá jinná ló máa ń dé.

Kí ìrì tó gbẹ lọ́jọ́ kejì, ó mú Yánníbo lọ sábẹ́ àràbà. Wọ́n tú okùn, Ìjàpá wọ inú agbọ̀n, ó ká jọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí Àgùnfọn má baà rí i, ó ní kí ìyàwó òun fa òun sókè. Ó ṣàlàyé pé bí wọ́n bá ti yan òun tán, gbogbo wọn ni yóò dìde láti lọ mú òun wá láti ilé. Nígbà náà ni kó wá sọ òun kalẹ̀.

"Baálé mi, bí wọn ò bá dìde ńkọ́?"

"Ta ni yóò fi èèyàn joyè tí kò ní lọ wá a wá?"

Yánníbo fa okùn, ó so ó mọ́lẹ̀, ó lọ.

Nígbà tí àwọn ẹranko dé, ìjà àná ti gbóná sí i. Ẹtu sọ̀rọ̀, Ọ̀yà já a lẹ́nu. Ẹfọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi pátákò halẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n dìmú, ni ohùn kan bá ti imú sọ̀rọ̀ láti òkè.

"Ẹ dákẹ́. Èmi agbọ̀n ni. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń ju nǹkan sí mi lẹ́nu, ẹ ò bi mí léèrè èrò mi rí. Bí ẹ ò bá fẹ́ mu ẹrẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn yìí, ẹ mú ẹni tó ń gbé ilé rẹ̀ kiri."

Gbogbo wọn wòkè, wọ́n wo ara wọn.

"Ìgbín," ni Ẹtu wí.

"Ìgbín náà ni," ni Ọ̀yà wí. Láti àná, ohun àkọ́kọ́ tí ẹnu wọ́n kò lé lórí nìyẹn. Wọ́n ti yíjú sí Ìgbín tó lẹ̀ mọ́ ìdí igi. Agbọ̀n mì.

"Kì í ṣe Ìgbín," ni ohùn náà yára wí. "Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni. Ọkọ Yánníbo."

Kò dùn mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá agbọ̀n jiyàn nígbà tí ìdíje ku ọ̀la? Wọ́n gbà. Lókè, Ìjàpá ti ń gbọ́ òórùn àsáró. Ó tẹ́tí láti gbọ́ kí ẹsẹ̀ wọn máa lọ. Ẹsẹ̀ kankan ò lọ.

Ẹfọ̀n ní kí wọ́n tò. Láti ayé bàbá wọn, bí wọ́n bá yan akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹnikẹ́ni kì í kúrò lábẹ́ igi àfi bí oníkálukú bá ju bọ́ọ̀lù kan sínú agbọ̀n, kí oríire lè bá ẹni tí wọ́n yàn. Wọn kì í sì í sọ agbọ̀n kalẹ̀ títí gbogbo wọn yóò fi jù ú tán. Ìjàpá ò mọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n yan Erin, àsáró ti jinná kó tó dé.

"Mo jù ú o," ni Ẹtu wí.

"Ó wọlé," ni wọ́n dáhùn.

Gbà, ó ba Ìjàpá lẹ́yìn. Ó di ẹnu pọ̀. Ọ̀yà jù, ó wọlé. Ìnàkí jù, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í tàsé. Nígbà tó di ẹ̀kẹwàá, Ìjàpá yọjú níbi tí agbọ̀n ti lu. Ìlà náà ṣì gùn lọ jìnnà létí odò. Ẹfọ̀n ló kàn, ó ń fi iyanrìn ra ọwọ́.

"Ó tó," ni agbọ̀n wí. Ohùn náà ti di tín-ín-rín.

Ọ̀yà dọ̀bálẹ̀. "Baba agbọ̀n, ẹ má bínú. Bí ẹyọ ẹnì kan ò bá jù, àìríire ni yóò bá akọ́nimọ̀ọ́gbá wa tuntun. Tirẹ̀ là ń rò."

Ìjàpá ronú. Bó bá sọ̀rọ̀, àṣírí tú. Bó bá dákẹ́, Ẹfọ̀n rèé.

"Mo jù ú o."

Ìjàpá na ọrùn sókè láti wo ibi tí bọ́ọ̀lù gbà ń bọ̀, ó sì bà á ní àtàrí.

"Yé, orí mi o!"

Okùn já. Agbọ̀n, bọ́ọ̀lù mọ́kànlá àti Ìjàpá jọ balẹ̀ gbì.

Ẹtu bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo inú agbọ̀n.

"Ẹ káàbọ̀, akọ́nimọ̀ọ́gbá," ló wí.

Wọn ò tètè rẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n ń ro ẹni tí wọn ìbá fi omi wọn lé lọ́wọ́. Ìtìjú yẹn ló là wọ́n níjà. Kí oòrùn tó dé àárín ọ̀run, wọ́n ti mú Ìnàkí, wọ́n sì fi Àgùnfọn ṣe igbákejì rẹ̀. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni wọ́n fi na àwọn ará òdìkejì odò. Omi tó mọ́ ni wọ́n mu ní ẹ̀ẹ̀rùn náà, àfi Ìjàpá, tí wọ́n ní kó máa mu tirẹ̀ lẹ́yìn Ọ̀pọ̀lọ́. Ọjọ́ méje ni Yánníbo fi omi gbóná jó o lórí.

Láti ọjọ́ náà, bí òjìji bá kọjá lórí Ìjàpá, tàbí tó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ èrò, kì í dúró wòkè mọ́. Ńṣe ni yóò fa orí wọlé. Ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Ibi tí àlọ́ mi sọ̀ sí rèé. Bí mo bá fi irọ́ bù mọ́ ọn, kí n jù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó má wọlé. Mo jù ú o.

Ó wọlé.